Ọjọ́ Mẹ́ta ní Dumaguete Pẹ̀lú Owó Ẹlẹ́dẹ̀ Kan

Láti orí òkè, Siquijor,
nínú ilé onísìmẹ́ńtì

Inday Emelita ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Manila níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun kánú, ṣé àwọn tí ò ń dá lóhùn lórí fóònù ní ọ́fíìsì yín kì í bú ọ jù? Àwa náà wà níbí, à ń mí, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń mú kí àgbọn so lórí àpáta yóò mú kí ọ̀nà rẹ so. Oorun ọ̀sán tí ò ń sùn nítorí iṣẹ́ òru yóò ṣe ara rẹ lóore, ojú rere ọ̀gá rẹ kò ní kúrò lára rẹ, Màríà Mímọ́ kò sì ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga tí ẹ̀ ń gùn yẹn. Àmín.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí o, n kò bẹ olùkọ́ kankan. Ìwé kẹta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ìwé kẹta ìgbà tiwa ju ìwé mẹ́wàá ìsinsìnyí lọ, ìwé kẹta náà ni mo sì fi kọ́ ilé onísìmẹ́ńtì àkọ́kọ́ ní abúlé yìí, nígbà tí àwọn tó ka ìwé kẹfà ṣì ń fi imọ̀ àgbọn bolé. Adìyẹ pupa rẹ ti pa ọmọ mọ́kànlá, àṣá gbé méjì. Òrùlé ìdáná ń jò ní igun kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí iná gan-an ló ń jò sí, nítorí náà kò tíì di wàhálà. Berting aládùúgbò wa ra alùpùpù, ó sì ti fi ṣubú.

Ohun tí mo torí rẹ̀ mú bírò nìyí: mo ti mú ìyá rẹ lọ sí Dumaguete.

Ní ọjọ́ tí mo gbé e níyàwó, ọdún mọ́kànlélógójì rèé, mo dúró níwájú ìyá rẹ̀, mo ní màá mú Petang gun ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú tí à ń rí iná rẹ̀ láti orí òkè wa. Ìyá rẹ̀ ní ó dáa, òun ń retí. Ó retí títí ó fi kú. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ní oṣù tó kọjá ni dókítà wá wo orúnkún ìyá rẹ, ó ní Màmá, bó bá fi di ọdún tó ń bọ̀, àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú omi yóò ju agbára yín lọ, ibi tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè lọ.  Ìgbà tí a délé ni ìyá rẹ ní òun fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ṣé ọjọ́ méjì kò tó ni? Ó ní Luming ìyàwó Berting lo ọjọ́ méjì, òun ò sì ní fi orúnkún yìí gun ọkọ̀ kí òun lọ bá Luming dọ́gba. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n fi òun sílé, kí n sì máa gbọ́ ohun tí etí mi bá gbọ́ títí tí ikú yóò fi yà wá.

O rántí pé o ní kí n jẹ́ kí o fi owó ilé ìtura ránṣẹ́. Bí mo ṣe dá ọ lóhùn nígbà náà ni mo tún ń dá ọ lóhùn báyìí: ọkùnrin tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ kì í fi owó ọmọ san án. Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ni mo tà. Owó ẹlẹ́dẹ̀ kan, èèyàn méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Mo sì mú káàdì àgbàlagbà tí ìjọba fún mi dání, èyí tí wọ́n fi ń dín owó kù fún èèyàn nínú ọkọ̀ àti nílé oúnjẹ. Nítorí ilé onísìmẹ́ńtì ni wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n fún Berting náà, ṣùgbọ́n mo gbà pé àṣìṣe ni.

O mọ ìsọkúsọ tí àwọn ará ìta máa ń sọ nípa erékùṣù wa, pé oṣó àti àjẹ́ ni gbogbo wa, pé bí ará Siquijor bá tẹjú mọ́ ikùn èèyàn, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbẹ̀. Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo ti lò níhìn-ín, n kò tíì rí kòkòrò kankan àfi èyí tó ń jẹ àgbọn mi. Mo ti pinnu pé n kò ní sọ ibi tí a ti wá fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ló wá mú àṣà tuntun kan dé. Kí n tó la ẹnu, yóò ti sọ fún wọn pé Siquijor la ti wá, láti orí òkè gan-an, yóò sì gbé ojú lé ikùn wọn. Mo rò pé orúnkún ló ń dùn ún tí kò fi lè gbé orí sókè. Nínú ọkọ̀, ọkùnrin kan dìde kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ kí a lè na ẹsẹ̀, ó sì lọ dúró sínú oòrùn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Ilé tí a wọ̀ sí wà lẹ́yìn ọjà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rustica ló ni ín, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló dá atẹ́gùn. Ó gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Fọ́ọ̀mù náà béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò sì tó ìka méjì. Mo kọ àgbọn, mo kọ ẹlẹ́dẹ̀, mo kọ kànga tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́, mo kọ ilé, mo yí ìwé náà padà, mo sì parí rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ó tún béèrè ohun tí mo wá ṣe, mo kọ pé mo wá san ẹ̀jẹ́. Rustica kà á, ó ní ẹ̀jẹ́ kẹ̀? Ẹ̀jẹ́ kí ni, Bàbá? Ìyá rẹ ní Siquijor la ti wá. Abẹ̀bẹ̀ dúró. Rustica ní áà, owó tí òun kọ́kọ́ dá yẹn, òun ṣì í dá ni o, ó sì já a sí ìdajì. Mo sọ fún ìyá rẹ lórí àtẹ̀gùn pé ṣé o rí i, bí èèyàn bá kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kedere, ayé á mọ irú ẹni tó jẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kì í ṣe irin, káàdì pẹlẹbẹ ni. Èèyàn á fi han ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á wò ó, bó bá mọ̀ ọ́n, á ṣí. Ó kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣí fìlà kí ó lè rí ojú mi dáadáa, ó sì ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nínú ọjà la ti jẹun, ìrẹsì tó ń lẹ̀ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì, pẹ̀lú ṣokoléètì gbígbóná àti máńgòrò pípọ́n, àwa àti àwọn alápatà lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Obìnrin tó ń ta á ní ẹ jẹ́ kí n bu ṣokoléètì kún ti Màmá. Mo ní a ò ní sanwó rẹ̀ o. Ó ní ta ló dárúkọ owó, Bàbá, ẹ ò rí i pé ó ti ń fi ìka lá ife? Ní ọ̀sán a lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sun adìyẹ, tí wọ́n ń bu ìrẹsì sínú àwo èèyàn títí yóò fi sọ pé ó tó. Mo mọ̀ pé wọ́n ń dán mi wò ni. N kò sọ pé ó tó títí ó fi di ẹ̀ẹ̀kẹfà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun kan. Níbi tí wọ́n ti ń gbowó, wọ́n lẹ bébà kan tí àmì dúdú kún inú rẹ̀ bí ẹní tí aláìsàn hun. Àwọn ọ̀dọ́ á na fóònù sí i, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Mo pe ọmọbìnrin tó ń gbowó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ọmọ mi, wọ́n ń jà ọ́ lólè lójú ara rẹ. Ó ní wọ́n ti san o, Bàbá, fóònù ló san án. Mo wá yọ fóònù kékeré tí o fún wa, mo nà án sí bébà náà, mo kí i kú ọ̀sán, mo dúró. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó wo ìyá rẹ tó wà lẹ́yìn mi, ó ní ó ti wọlé, Bàbá. O ṣeun, Emelita, n kò mọ̀ pé o ti kó owó sínú rẹ̀. Ìyẹn kò sì jẹ́ pé mo gbowó lọ́wọ́ rẹ. Inú fóònù ló wà, fóònù ló sì san án.

Ní ìrọ̀lẹ́ a jókòó létí òkun lábẹ́ àwọn igi ńlá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti gbowó ìjókòó. Mo yọ òróró àgbọn tí a fi egbò igi sè ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, mo ń fi ra orúnkún ìyá rẹ, mo sì ń ka iye ọjọ́ tí owó tó kù máa gbé wa lábẹ́ ẹnu. Ọkùnrin tó ń ta ẹja díndín lórí igi ní kí ni Bàbá ń kà? Mo ní ọjọ́ tó kù ni. Ó fún wa ní igi mẹ́rin, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ kí a lè rí òkun dáadáa.

Ìṣòro dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti gbé ẹja gbígbẹ wá láti ilé, áyọ́ọ̀nù kan sì wà nínú yàrá, mo dojú rẹ̀ sókè, mo tẹ́ ẹja sí i, ó yan án ju ìdáná wa lọ. Rustica gun òkè wá pẹ̀lú ariwo. Ó ní ẹ̀yin ará oko yìí, ṣé ẹ fẹ́ fi òórùn lé àlejò mi dànù ni? Ó ní kò sí ìdajì mọ́, bí a bá máa sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí a san án pé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dúró kí ìyá rẹ tún rán an létí ibi tí a ti wá. Àárọ̀ yẹn gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀bùn ìrìnàjò, nítorí o mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè ti ìlú dé sí abúlé wa lọ́wọ́ òfo kó sì tún ní ọ̀rẹ́: àkàrà òyìnbó ti Luming, ti àlùfáà, ti àwọn ìbátan ìyá rẹ tí wọn kì í tán. Owó ọkọ̀ ìpadàsílé àti ìdajì owó yàrá nìkan ló kù.

Mo mú un lọ sétí òkun, mo sọ fún un. Mo ní Petang, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ òní la máa wọ̀. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lé orí ògiri, ó ń wo erékùṣù wa lókèèrè, ó ní láti ibí, ilé wa kéré o, Teodulo. Emelita, láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ru àpò àgbọn gun òkè, n kò tíì ru èyí tó wúwo tó ọ̀rọ̀ yẹn.

A padà lọ kó ẹrù. A bá Rustica lórí àga gígùn, ó di ikùn mú, ó ń làágùn. Àwo máńgòrò tí kò pọ́n àti edé oníyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èèpo nìkan ló kù níbẹ̀. Bó ṣe rí wa, ó pariwo, ó ní Bàbá, Màmá, ẹ dárí jì mí, ẹnu mi ló ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un kúrò. Mo ní kí ni kí n mú kúrò? Ó ní ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá, ó ń rìn, ó ti yí sí apá òsì. Ìyá rẹ jókòó tì í, ó da òróró sọ́wọ́, ó ń fi ra ikùn rẹ̀ yípo. Èmi náà kò kàn dúró lásán. Mo rí i pé ohun tó ń yọ obìnrin náà lẹ́nu ni pé kò mọ ẹni tó bú, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ayé mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ó gùfẹ̀ ńlá kan, ó dìde jókòó, ó ní ó ti lọ! Ó ní a ò gbọdọ̀ lọ ibì kankan, kí a gba yàrá iwájú tó kọjú sí òkun, òun ò gba nǹkan kan, àní kí a tún yan ẹja bó bá wù wá. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ìtàn mi máa ń wọ àwọn èèyàn lára. N kò mọ̀ pé ó ń wọ̀ wọ́n dé ikùn.

Báyìí la ṣe rí ọjọ́ kẹta. Oòrùn ń yọ láti ìhà erékùṣù wa nígbà tí a jókòó létí omi. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo ayé, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta pé. Mo ní ó pé. A jókòó síbẹ̀ títí ebi fi pa wá. Nínú ọkọ̀ ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé, ó ní ọkọ gidi lòun fẹ́. Luming wá gba àkàrà òyìnbó rẹ̀ lánàá, ó ní ọjọ́ mélòó lẹ lò níbẹ̀ ná? Ìyá rẹ ní òun ò kà á, bóyá mẹ́ta.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. O mọ̀ pé èmi kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ ti lọ, òjò ń bọ̀, páànù ìdáná kò sì lè dá ara rẹ̀ dí. Fi ìwọ̀nba ránṣẹ́, ti páànù àti ti ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan, abo. Kí o sì fi kún èyí tó wà nínú fóònù, ó dà bí ẹni pé ó ti ń tán, nítorí mo nà án sí oníyọ̀ abúlé wa, kò dáhùn.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọkọ tó ń mú ẹ̀jẹ́ ṣẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò pọ̀ débi pé ààyè inú fọ́ọ̀mù kò ní gbà á. Bí o ṣe ń jáde lọ ni wàá máa padà wọlé, ilé yìí kò sì ní ṣàì dúró dè ọ́, nítorí sìmẹ́ńtì ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Teodulo

Inday, ìyá rẹ ni. Bàbá rẹ ti lọ bọ́ adìyẹ, mo ń yára kọ èyí sí ẹ̀yìn. Owó tí o fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ dé. Èmi ni mo san owó adìyẹ sísun lẹ́yìn bàbá rẹ, mo ṣẹ́jú sí ọmọ náà. Ní ọjọ́ kejì, mò ń ronú ọ̀nà tí màá gbà yọ ọ́ síta tí kò fi ní mọ̀, ni Ọlọ́run bá fi máńgòrò gbà mí. Rustica kọ̀ láti gbowó, ẹ̀rù ń bà á, àmọ́ mo fi tirẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá rẹ fi rìn létí òkun bíi gómìnà. Má sọ fún un.