Bí Ewúrẹ́ Ṣe Ń Dìde

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí í wo ewúrẹ́ rẹ̀ kó tó bọ́jú,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Dúnní, ọmọ-ọmọ mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sùúrùlérè, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má fi iyọ̀ sí i. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo sá kúrò nílé ìwé wá bá yín lóko, tí ẹ nà mí títí ó fi rẹ̀ yín, tí mi ò sì padà. Orí kunkun yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọmọ yìí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Àwòrán ló ń yà. Wọ́n gbé ìwé ọmọdé kan fún un, ìwé nípa ẹran inú oko, pé kó ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ máa wà lára rẹ̀. Bàbá, ọmọ náà mọ̀ ọ́n yà. Ó ya ìyá adìẹ tó na ìyẹ́ bo àwọn ọmọ rẹ̀, èmi alára gbójú sókè, mò ń wá àṣá. Bẹ́ẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí. Ewúrẹ́ tó mọ̀ jù ni èyí tó ń jẹ páálí ní Tejúoṣó.

Ibi ewúrẹ́ la ti wá jà. Ó ya ọ̀kan tó ń dìde nílẹ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ iwájú ti nàró, ìdí ṣì wà nílẹ̀ bíi ti ajá. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ẹni tó gbé iṣẹ́ fún òun ti rí i, ó sì ti fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀la lòun máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin wo ló máa mọ̀? Mo ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́nu ọgbà ẹran, tó ní kí n máa wo ìdí wọn. Ẹ ní ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ dá, ìdí ló kọ́kọ́ ń gbé, á fi orúnkún iwájú kúnlẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà, kó tó nàró. Èyí tí ìdí rẹ̀ ò bá tètè kúrò nílẹ̀, ẹ ó ti já ewé wá fún un kí oòrùn tó yọ. Bí ẹ ṣe mọ àìsàn Aláròyé nìyẹn, ewúrẹ́ dúdú tí kì í panu dé, kí gbogbo ilé tó fura. Títí di òní, mi ò rí dókítà tó fojú lásán mọ àìsàn bíi tiyín.

Dúnní wo inú fóònù rẹ̀. Gbogbo ewúrẹ́ tó wà níbẹ̀ ti nàró tán. Ó ní kí Bàbá àgbà jọ̀ọ́ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ni mo bá ṣí fìlà, mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, mo kúnlẹ̀, mo tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, mo gbé ìdí sókè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi mí bóyá kóun lọ kó èèpo iṣu wá. Ibẹ̀ lẹ́yìn mi há sí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sáré wá dì mí mú.

Mo ní, “Má fà mí. Wò mí.”

Ó jókòó, ó mú pẹ́ńsù, ó ń yà. Mo pẹ́ níbẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo dìde.

Ó bẹ àwọn tó gbéṣẹ́ fún un pé kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ kan sí i. Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹran lẹ́bàá títì lápá Costain, a dúró títí ọ̀kan fi dìde. Ìdí ló kọ́kọ́ gbé. Dúnní kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo ayé. Mo sọ fún un pé ẹ̀yin ló ń kí.

Ìwé náà ti jáde báyìí. Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, ewúrẹ́ náà ń dìde, bàbá arúgbó kan sì ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ nílẹ̀, ìdí lókè. Mo bi Dúnní pé ta ló júwe bàbá mi fún un, nítorí kò rí yín rí, kò sì sí fọ́tò yín kan ṣoṣo nílé. Ó ní èmi lòun yà.

Ọjọ́ tí mo wá kí yín kẹ́yìn, kí ọlọ́jọ́ tó dé, ẹ jókòó nílẹ̀ lẹ́nu ọgbà ẹran. Mọ́tò Èkó ń fọn fèrè dè mí. Ẹ fẹ́ sìn mí dé títì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ sì ṣe dìde, ẹ pẹ́ níbẹ̀. Mo dúró, báàgì mi wà lọ́wọ́ mi, mi ò na ọwọ́ sí yín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ru ọ̀rọ̀ yẹn kiri lọ́kàn. Wàyí o, èmi náà ti wà nílẹ̀ yẹn, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ Dúnní. Ohun tí ẹ̀yin fẹ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ṣé kí n fà yín ni, àbí kí n wò yín?

Bó bá jẹ́ wíwò ni, Bàbá, mo wò yín.

Èmi ni ọmọ yín, olórí kunkun, tí ìdí rẹ̀ ṣì ń kúrò nílẹ̀ láràárọ̀.