Iṣẹ́ Tó Parí Kí Iṣu Tó Jinná

Ọ̀wọ̀, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹsàn-án.

Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, síbẹ̀ ọkàn mi ò tíì kúrò ní Arimogija.

A lọ pààrọ̀ ẹ̀rọ másìtì ibẹ̀, òpó gíga tó ń gbé ìpè fóònù, lónìí. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́. Bí ẹyọ kan bá jóná, ti ẹlòmíràn ò lè bá a mu, àfi ká dúró de tiwọn láti òkè òkun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró lẹ́ẹ̀kan, nílé Ìyá Bọ́sẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ másìtì. Mo bá wọn sá kòkó. Mo mọ ibi tí òrùlé wọn ti ń jò.

Èmi gan-an ni mo máa ń pariwo nígbà yẹn pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ jẹ́ kí ti gbogbo ilé-iṣẹ́ máa bára wọn mu. Wọ́n ti gbọ́. Rédíò tòní, èyí tó ń fi ìpè ránṣẹ́, wá láti ilé-iṣẹ́ kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ibòmíràn. Kò tó wákàtí méjì tá a fi parí.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ti gbé iṣu kaná. Wọ́n ti gbá yàrá tí mo máa ń sùn sí.

"Màmá, a fẹ́ máa lọ. Wọ́n ń retí wa ní Isuada."

"Ṣé tuntun yìí kì í bàjẹ́ ni?"

"Bó bá bàjẹ́, mà, Èkó ni wọ́n á jókòó sí fi kọ̀ǹpútà tún ọ̀pọ̀ ẹ̀ ṣe."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa igi kan jáde nínú iná.

Kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Bí mo ṣe ń bojú wẹ̀yìn wo másìtì yẹn látinú ọkọ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré.