Èmi Ni Wọ́n Ní Kí N Gbé Fọ́tò Tíṣà Lọ́jọ́ Sátidé

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo ti da ẹni tó fọkàn tán mi, ẹni náà ò sì tíì mọ̀. Ẹ má tíì bú mi o, ẹ kà á tán ná, torí Ọjọ́bọ̀ la wà yìí, Sátidé ni gbogbo ẹ̀ máa tú síta...

Aránṣọ ni mí, Amukókò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Èmi náà ni akọ̀wé àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wa ládùúgbò. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, Tíṣà la máa ń pè wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi ní primary four. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi ní wharf Apápá, tí bàbá mi ní kí n jókòó sílé, Tíṣà ló wá bẹ̀ wọ́n tí mo fi padà síléèwé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ lọ ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọkùnrin kan tí àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ fẹ́ràn, Họ́nọ́rébù la ń pè é, ni wọ́n jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, títò la fi ń ṣe primary, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́. Ẹnì kan á gbé fọ́tò candidate dúró níwájú, ẹni tó bá fẹ́ candidate yẹn á tò sẹ́yìn fọ́tò, wọ́n á wá máa ka orí. Wọ́n ti tò ní àwọn wọ́ọ̀dù yòókù, Tíṣà sì wà lẹ́yìn gan-an. Tiwa nìkan ló ṣẹ́kù, torí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ṣe sún un di Sátidé yìí. Ṣùgbọ́n ilé Tíṣà nìyí, èrò ibí sì pọ̀. Bí gbogbo wa bá jáde, wọ́n ṣì lè lé Họ́nọ́rébù bá, kí wọ́n tún kọjá ẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ṣé kí Tíṣà step down ni, àbí kí wọ́n dúró? Ohun tí gbogbo èèyàn ń jà lé lórí nìyẹn, lórí WhatsApp, nídìí ẹ̀rọ omi, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ovie, wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní, "Mama don try, make she step down jàre. Person no dey use hand stop trailer." Àwọn obìnrin kan ní bí wọ́n bá step down nísinsìnyí, wọ́n á lè fi dúnàádúrà, ó kéré tán kí wọ́n bá wa ṣe gọ́tà. Baba Sùlè tó ru ẹrù ní wharf títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀ wá bínú dìde, wọ́n ní, "Bí Tíṣà bá sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn ta lẹ fẹ́ kí n lọ tò sí? Ẹ̀yìn ògiri?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, mo kàn ń tẹ máṣíìnì mi lọ.

Torí mo mọ ohun tí wọn ò mọ̀...

Lọ́jọ́ tí àwọn candidate gba fọ́ọ̀mù, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ní kí gbogbo wọn fọwọ́ sí lẹ́tà kan pé àwọn ti yọwọ́, kí wọ́n má kọ déètì sí i. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kó má baà sí àríyànjiyàn bí àgbà bá parí ọ̀rọ̀. Tíṣà fọwọ́ sí tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ alága láéláé. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá fẹnu kò pé kó wà lọ́wọ́ akọ̀wé àwọn obìnrin, àti pé mi ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ síta àfi bí Tíṣà bá fẹnu ara wọn sọ fún mi. Bí lẹ́tà yẹn ṣe dé inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi nìyẹn, lábẹ́ àwọn bọ́bìnnì òwú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, ọkùnrin kan wọlé, ó ní kí n bá òun gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kù. Ó kí mi dáadáa, ó fa àga jókòó, ó ní ọ̀dọ̀ Họ́nọ́rébù lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa Tíṣà fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́... pé gbogbo Túsìdeè ni wọ́n máa ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Olódì, pé ọwọ́ òsì ni wọ́n máa ń jókòó sí nínú kẹ̀kẹ́ torí orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ọ̀rọ̀ orúnkún fún un? Ó ní, "Mummy, a ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe Tíṣà o. Ẹ̀yin lẹ lè gbà wọ́n. Ẹ fún wa ní lẹ́tà yẹn, ọ̀rọ̀ parí." Kò pariwo, kò bú mi, ẹ̀rín ló ń rín.

Mo fún un. Ẹ gbọ́, mo fún un! Ó tún ní kí n kọ déètì sí i. Mo bi í pé kí ló dé tóun ò lè kọ ọ́, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi jọ ti Tíṣà. Òótọ́ sì ni... àwọn náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, tí wọ́n á di ọwọ́ mi mú lórí síléètì. Mo kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni àwọn èèyàn Họ́nọ́rébù kó ankará tó ní ojú ẹ̀ wá, pé kí n bá wọn rán an. Mo gbà á. Mo ń bi ara mi léèrè pé ṣé torí kí nǹkan má ṣe Tíṣà ni mo ṣe fún un ní lẹ́tà yẹn, àbí torí pé mo mọ ẹ̀yìn ẹni tí iṣẹ́ wà? Mi ò mọ̀ mọ́, mo fi Ọlọ́run búra. Aṣọ yẹn ṣì wà lórí máṣíìnì nígbà tí Tíṣà wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo fẹ́ fi nǹkan bò ó. Wọ́n rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Iṣẹ́ niṣẹ́, ọmọ mi. Rán an kó dára." Wọ́n wá jókòó sórí àga tí ọkùnrin yẹn jókòó sí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ gbogbo ohun táráyé ń sọ, àwọn ò ní step down. Wọ́n ní látìgbà ìjà yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé fọ́tò àwọn mọ́, ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn. Wọ́n ní èmi ni kí n gbé e lọ́jọ́ Sátidé, pé aago méje àbọ̀ làwọn máa kúrò nílé, ọ̀nà kànáàlì làwọn máa gbà. Wọ́n ní èmi lọkàn àwọn balẹ̀ sí.

Mo ní, "Ẹ ṣé mà."

Látọjọ́ yẹn, àwọn kan ti ń ya pósítà Tíṣà kúrò lára ògiri, títí dé ẹ̀gbẹ́ kànáàlì. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Àwọn èèyàn ti ń wò ó, wọ́n á tún wá wo ojú mi.

Àná ni ọkùnrin yẹn padà wá gba ṣòkòtò ẹ̀. Bó ṣe ń jáde ló bi mí, bí ẹni tó ń kíni, pé aago mélòó ni Tíṣà máa kúrò nílé lọ́jọ́ Sátidé, àti pé ọ̀nà ibo ni wọ́n máa gbà. Kí n tó ronú, mo ti ní aago méje àbọ̀, ọ̀nà kànáàlì. Ẹyin lohùn... Ó ti lọ tán kí n tó mọ ohun tí mo ti sọ. Ṣebí lẹ́tà ti wà lọ́wọ́ wọn? Ṣebí wọ́n kàn máa kà á sétí gbogbo èèyàn níbi títò ni? Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi aago ṣe? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà ṣe?

Bí mo bá sọ fún Tíṣà, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni. Mo sì mọ̀ wọ́n, wọ́n á tún jáde náà ni, inú á kàn bí wọn sí i. Bí mo bá lọ sí station ọlọ́pàá, kí ni mo fẹ́ wí? Pé ẹnì kan wá gé ṣòkòtò? Bí mo bá sì dákẹ́, tó jẹ́ lẹ́tà nìkan ni wọ́n kà, Baba Sùlè àti gbogbo wọn á rò pé Tíṣà ló tà wọ́n, èmi á sì dúró níwájú wọn, fọ́tò lọ́wọ́ mi. Ìyẹn bí Tíṣà bá débẹ̀.

Tíṣà fi fọ́tò náà ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo kọjú ẹ̀ sí ògiri, mi ò lè máa wò ó. Wọ́n kọ ìwé péńpé kan mọ́ ọn pé kí n tètè jáde lọ́jọ́ náà, àwọn máa yà mú mi ní ṣọ́ọ̀bù, ká jọ rìn. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ni, ó dà bíi pé èmi ni mo kọ ọ́ sí ara mi.

Aago méje àbọ̀ ni. Ọkùnrin yẹn ti mọ̀, Tíṣà ò mọ̀ pé ó mọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i kí ọjọ́ tó pé... kí ni kí n ṣe?