Orúnkún Bùsàrí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ l'Éjìgbò. Ara wa le díẹ̀ ní Hamdalaye nílẹ̀ àjò níbí, àmọ́ ankárá wa kò tà mọ́.

Ọ̀rọ̀ Bùsàrí ọmọ mi agbábọ́ọ̀lù ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Dókítà ní kó jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ tó fi ṣèṣe sinmi títí òjò yóò fi lọ, ó sì ń ṣe sùúrù. Àfi níbi eré ìdárayá tí ìjọba ní kí gbogbo àdúgbò máa ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó rí èmi ìyá rẹ̀ tí mò ń sáré, ojú tì í, ó bá wa sá a. Orúnkún náà yẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ti tán fún un.

Kò sunkún o, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọlọ́run á dá yín sí. Bùsàrí ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń jókòó ṣe.

Àbúrò yín,
Sìfáwù