Ẹ̀rín Kẹta

Èmi, Julianah Ìwàlẹwà Ọlọ́rundáre, ọmọ bíbí Iléṣà, opó Barnabas Ọlọ́rundáre tó ni ẹgbẹ́ eléré nígbà ayé rẹ̀, tí mo ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí. Orúnkún ni kò dá mi lóhùn mọ́. Orí mi pé. Dókítà ti fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lọ sọ fún adájọ́ pé arúgbó ń ṣarán, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìpín kẹfà ná.

Ìhágún èyíkéyìí tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo ti wọ́gi lé e.

Lọ́yà Waliyullah ni mo yàn láti mú un ṣẹ. Kò bá mi tan, kò fẹ́ràn mi, kò sì jí nǹkan mi rí. Lọ́yà, ẹ kà á sókè ní pálọ̀ mi. Kí Ìdùnnú ọmọ mi wà níbẹ̀, àti Rùkáyà ìyàwó kejì Barnabas, àti Abdulhameed káfíńtà, àti Kàósárà ìyá rẹ̀. Kí wọ́n fún Kàósárà ní àga tó ní apá. Kí ẹnikẹ́ni má dìde títí ẹ ó fi kà á tán.

1. Ìdùnnú, ọmọ mi kan ṣoṣo, mo fún ọ ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Òkè-Baálẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́fà rèé tí òjò ti ń jò sí yàrá ọwọ́ ọ̀tún. O máa ń fi fóònù ya àwòrán ibẹ̀, o ò gun òrùlé rí. Ó di tìrẹ báyìí, lọ gùn ún. Bàbá rẹ ló sọ ọ́ ní Ìdùnnú. Èmi ò rí ìdùnnú kankan lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti gbìyànjú títí.

2. Rùkáyà, mo fún ọ ní yàrá tí o ń gbé títí ọlọ́jọ́ fi máa dé, Ìdùnnú kò sì gbọdọ̀ lé ọ jáde. Ìwọ náà mọ bí Barnabas ṣe ń ṣe é. Bí obìnrin bá ti mọ ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ lórí tán, yóò ní òun fẹ́ fi í ṣaya, nítorí pé ìyàwó kì í gba owó iṣẹ́, kì í sì í kó lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Báyìí ló ṣe kó àwa méjèèjì. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la fi bú ara wa nítorí ọkùnrin tí kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nínú wa. Aṣọ eré tó wà nínú àwọn àpò tún jẹ́ tìrẹ. Gbogbo wọn ló ti há mọ́ ọ lára, ṣùgbọ́n o ti ń wò wọ́n tipẹ́.

3. Ewúrẹ́ mi mẹ́rin, kí ẹ tà wọ́n láàyè. Ẹ kò gbọdọ̀ pa ìkankan sí òkú mi. Àwọn tó máa wá jẹun, n kò rí wọn lọ́jọ́ tí mo ṣubú ní ilé ìwẹ̀.

4. Abdulhameed, mo fún ọ ní àpótí ìrókò tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi. Láti kékeré ni mo ti ń tọ́jú ìwọ àti ìyá rẹ. Èmi ni mo mú ọ lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, àdúgbò sì ń pè mí ní aláàánú. O mọ àpótí náà. Ìwọ lo tún ìdérí rẹ̀ ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn. O fi ìka kàn án, o ní wọn ò kan irú rẹ̀ mọ́, pé atẹ́gùn pàápàá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi ni mo ní kí wọ́n bu fún ọ.

5. Fíìmù tí ẹgbẹ́ wa ṣe. Ìdùnnú mọ̀ pé mo ní in, ó ti ṣèlérí fún àwọn kan ní Èkó pé òun máa kó o fún wọn. Wọ́n fẹ́ tún un ṣe, kí wọ́n gbé e jáde lọ́dún tó ń bọ̀ kí aráyé wá wo eré apanilẹ́rìn-ín ìgbà ogun. Ìdùnnú, gbọ́ mi dáadáa: kì í ṣe tìrẹ. Abdulhameed ló ni ín. Abdulhameed, o kò ní fọ́tò bàbá rẹ ẹyọ kan. Látìgbà tí o ti tó ọmọ ọdún méje lo ti ń bi mí nípa fíìmù yìí, tí mo sì ń sọ pé ó ti jóná. Irọ́ ni mo pa. Ó wà nínú páànù bísíkíìtì, lábẹ́ aṣọ nínú àpótí yẹn. Lọ́jọ́ tí o ń tún ìdérí ṣe, ọwọ́ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Kí gbogbo yín mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Orí pèpéle ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn-àjò. Àlè mi wà nílé, ẹlòmíràn kan ilẹ̀kùn, mo ti àlè sínú àpótí, mo jókòó lé e. Mùtàlíbù, bàbá Abdulhameed, ló ń ṣe àlè yẹn. Yóò máa kan àpótí láti inú, àwọn èèyàn yóò máa rẹ́rìn-ín. Àpótí orí pèpéle kò ní ẹ̀yìn. Mùtàlíbù á ti gba ibẹ̀ yọ́ jáde, bí mo bá ṣí i, òfìfo ni. Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ẹ̀rín kẹta ló ń ṣí àpótí. A ṣe é ní Iléṣà, a ṣe é ní Òṣú, a ṣe é fún àwọn awagóòlù Itagunmodi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀.

Ní 1968, ogun ń jà, ìjọba fẹ́ ohun tí yóò pa àwọn sójà lẹ́rìn-ín. Òyìnbó oníkámẹ́rà kan bá wa ní Òṣú. Ó ní àpótí wa jọ ohun ìṣeré ọmọdé, ni Barnabas bá gbé àpótí ìrókò bàbá rẹ̀ wá, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi yìí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí, tòun ti ìkọ́ irin. Òyìnbó tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rọ ń gba ohùn. Àwọn ará Òṣú tó wá wòran ki aṣọ bọ ẹnu.

Ohun tí ẹ ti ń gbọ́ láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nìyí: pé ẹgbẹ́ eléré ṣèèṣì. Pé a ń dúró de ẹ̀rín kẹta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, a kò sì ṣí àpótí títí Mùtàlíbù fi kú síbẹ̀. Òótọ́ ni. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ṣèèṣì. Èmi nìkan ni n kò ṣèèṣì.

6. Gbèsè mi. Ọdún méjì ni mo fi ń yan Mùtàlíbù lálè láìjẹ́ kí Barnabas ọkọ mi mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bá mi níbi tí mo ti ń kun àtíkè. Ó ní òun ti so yìgì pẹ̀lú Kàósárà, pé ó ti lóyún, pé bí fíìmù bá ti parí òun ń lọ. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ṣú. Háà! Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn débi pé bí kò bá sí nítòsí, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo kun àtíkè mi tán.

Nínú eré, ẹni tó wà nínú àpótí kì í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn án, ó tún kàn án, lẹ́yìn náà ó pè mí. Jùlì ló pè. Inú egungun ìdí mi ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe eré mọ́. Ọmọ òṣómàáló ni mí. Bí bàbá mi bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde títí yóò fi gba owó aṣọ rẹ̀. Èmi náà kò dìde. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kámẹ́rà, mo fa ìró mi bo etí àpótí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló pè mí. Mo fẹ́ kí ó jìyà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn gbèjà mi. Nígbà tí òyìnbó ní ó tó, Mùtàlíbù ti dákẹ́.

Wọn kò gé ibẹ̀ kúrò. Wọ́n ní ibẹ̀ ló dùn jù. Wọ́n gbé e fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ wò ní gbọ̀ngàn kan ní Iléṣà, èmi náà jókòó láàárín wọn. Sójà kan tí kò lẹ́sẹ̀ méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín kìíní, ẹ̀rín kejì, ẹ̀rín kẹta. Nígbà tí ẹ̀rín kẹta dún, mo ti dìde kí n tó mọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ní kí n jókòó, mo ń dí wọn lójú.

7. Abdulhameed, wàá rí bàbá rẹ tó ń jó, tó ń fi fìlà ṣẹ̀fẹ̀. Ó rẹwà, ìwọ lo jọ ọ́. Bí ó bá ti wọ àpótí, o lè pa ẹ̀rọ. Bí o kò bá pa á, tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò sì sí ibòmíràn láyé tí wàá ti gbọ́ ọ mọ́. Kí aráyé tún un wò, kí wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí. Àwọn àgbà ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Mo pa á mọ́ títí mo fi kú, nítorí ojo ni mí, n kò lè wo ojú rẹ. N kò tọrọ àforíjì. Bí mo bá tọrọ rẹ̀, ìyá rẹ á fún mi.

Mo fọwọ́ sí i ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2025, lójú ẹlẹ́rìí méjì tí àwa mẹ́ta jọ wà nínú yàrá kan.

Julianah I. Ọlọ́rundáre

Ẹlẹ́rìí kìíní: Awwal Lùkúmọ̀n, akọ̀wé lọ́yà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Kàósárà, opó Mùtàlíbù, aláró. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, nítorí kò mọ̀wé. Akọ̀wé bi í bóyá kí a ka ohun tó wà níbẹ̀ sí i létí. Ó ní kò pọndandan, pé láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, Àǹtí Jùlì ò parọ́ fún òun rí.