Igi Ápù Tí Oorun Ò Kùn

Kotgarh,
Oṣù Kejì.

Nirmla ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Delhi, ìwọ àti ọkọ rẹ? Oyún ńkọ́? Ara tèmi le, mo dúpẹ́.

O béèrè irú ápù tí mo fẹ́ gbìn. Gálà ni. Mo mọ̀ pé wàá bínú, torí Royal ni bàbá rẹ gbìn, òun ló sì fi rán ọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n Royal kì í so bí kò bá sun oorun àsùnwọra nínú òtútù, òjò dídì ò sì wá síbí bíi tàtijọ́ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ohun tí a ká ò kún apẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ti ń dá mi dúró tẹ́lẹ̀ ni èyí. Bí òjò dídì bá bọ́, bàbá rẹ a mú ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ ẹ̀ka, a fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ara igi kọ̀ọ̀kan, a ní, "Sùn o, sùn dáadáa." Láti ìgbà tí a ti sun òkú rẹ̀ létí odò Satluj, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ láràárọ̀ ìgbà òtútù. N kì í rí ojú ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ kó, kó, kó, láti igi dé igi. Ó ń bẹ igi tí oorun ò kùn. Ẹ̀rù kì í bà mí. Kì í jẹ́ kí ilé dá fún mi ni. Mo wá ń rò ó pé, bí mo bá gé igi, níbo ló máa dúró sí?

Mo sọ ọ́ fún Devku, àbúrò bàbá rẹ. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé òkú lo fẹ́ máa fi oko sìn ni? Òkú kì í jẹ ápù o!"

Mo ní, "Ọkọ mi, fi mí sílẹ̀."

"N ò fi ẹ́ sílẹ̀. Tébi bá pa ẹ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa para pọ̀ dà mí láàmú."

Ẹ̀rín pa mí, mo sì sunkún. Ibi tí ayé bá báni, níbẹ̀ là á ti jẹ ẹ́. A gé àwọn igi Royal náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sì gbin Gálà, tí kì í béèrè òtútù púpọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá jí, mo máa ń tẹ́tí. N kì í gbọ́ nǹkan kan.

Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Satya.

Mo gbàgbé: Devku wá lánàá, inú ń bí i. Ó ní ẹnì kan ń kan ara àwọn igi Royal òun láràárọ̀, àwọn tí òun lọ gbìn sórí òkè, níbi tí òjò dídì ṣì ń bọ́ sí, ajá òun ò sì gbó o. Ó ní kí n wá bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Orúnkún mi ò lè gun òkè yẹn mọ́, ọmọ mi. Mo ní kó bá mi kí i.