Atẹ́gùn Òkun Ni

                                        Ilé Yìnyín Abọ́dúnrìn,
                                        Ọ̀nà Etíkun, Apá,
                                        Àgbádárìgì.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ọ̀wàrà, 1996.

Nùrúdíìnì, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni Àjàṣẹ́ wà? Hùmúàní aya rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Ní tèmi, mo wà láàyè. Ìyẹn náà ni mo lè wí.

O mọ̀ mí. Ìwé kejì ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹja tútù kan láti Apá dé Kankon tí kì í sùn lórí yìnyín mi. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ti yunifásítì pa, tí Motúnráyọ̀ ọmọ mi tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní físíìsì kò ríbi ṣiṣẹ́, èmi ni mo fún un ní yàrá ẹ̀yìn ilé yìnyín, àti jẹnẹrétọ̀ mi. Àní gáàsì amóníà tó ń lò, láti inú ẹ̀rọ yìnyín mi ni!

Bó ṣe la iṣẹ́ rẹ̀ fún mi rèé. Amóníà tó ń ta imú yẹn, àwọn horo rẹ̀ tí ojú kò lè rí ní orí àti ìdí tí agbára iná lè dì mú. Bí o bá fẹ́ wọn gba ihò tóóró, eré ọta ìbọn ni wọ́n ń sá. Motúnráyọ̀ wá to ọ̀pá irin ní méjìméjì sínú páìpù tí wọ́n máa ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Tí iná bá wọ ọ̀pá méjì, òkè ló dà fún horo yẹn. Á máa pọ́n ọn, eré rẹ̀ á máa dín. Bó bá kù díẹ̀ kó dé ṣóńṣó, wọn á pa iná, òkè á pòórá, kò ní ráyè sáré sọ̀ kalẹ̀. Òkè mìíràn tún ti ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi máa rìn bí àgbà. Ó ní òun kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan ṣe é yọrí. Mo sọ ọ́ kiri Apá. Títílọlá ẹlẹ́ja ní, "Bàbá Oníyìnyín, ṣé afẹ́fẹ́ lẹ wá fẹ́ máa gé tà báyìí?" Mo ní kó dúró wò.

Ìwọ lo kọ́ mi pé irin tó bá máa sùn létí òkun, inú òróró ni kó sùn. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìdánwò náà, Motúnráyọ̀ lọ pe ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì wá láti Otto. Mo rí àwọn ọ̀pá náà tí wọ́n ń dán gbinrin, láìsí òróró kankan lára wọn. Mo ní ọmọ ìwé ni, kò mọ iyọ̀ òkun. Mo fi àkísà àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa gbogbo wọn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń pa ọmọ ìkókó lára.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá náà wá, wọ́n dé páìpù, wọ́n fa afẹ́fẹ́ rẹ̀, wọ́n tan iná. Nùrú, iná ń fò láti ọ̀pá dé ọ̀pá bíi mànàmáná òjò! Tánganran tó gbé wọn ró fọ́. Ẹ̀rọ tó ń tan iná tó sì ń pa á jóná. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti yá wa, kò sì sí òmíràn.

Motúnráyọ̀ ṣí páìpù, ó fìka kan ọ̀pá, ó gbóòórùn ọ́ìlì mi tí iná gbà fò lára rẹ̀. Ó wò mí. Ó nu ìka náà mọ́ ìró rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Démọ́lá, ní, "Kí ló ṣe é?"

Motúnráyọ̀ ní, "Atẹ́gùn òkun ni, sà."

"Ṣé mi ò wí fún ẹ pé ibí yìí kọ́ ló yẹ ká ti ṣe é? Ó parí nìyẹn."

Ọmọ mi kò bú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé ẹ̀kọ síwájú mi. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Mo gbìyànjú ẹ̀rín náà, kò wá.

Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun yóò máa kọ́ àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń sọ Faransé ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbà á fún mi. Bí Hùmúàní bá bi í pé kí ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, yóò ní atẹ́gùn òkun ni. Kí ìwọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, atẹ́gùn yẹn burú. Jọ̀wọ́, kó tó wọlé, bá mi gbé agolo òróró rẹ kúrò lójúde.

Kí Hùmúàní àti àwọn ọmọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà ẹ́ńjìnnì,
Abọ́dúnrìn.